Oníbodè Inú Ilé: Ìtàn Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Wọlé ní Ọjọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, àti Bí A Ti Í Ṣọ́ Ọ

Nígbà tí a bá ń pìtàn ìlú, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ogun, oyè, àti ìdílé tí ó tẹ ìlú náà dó. A kì í sábà rántí oníbodè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú olódi ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 kò ṣe é ronú kàn láìsí òun. Oníbodè ni ó ń jókòó ní ẹnu odi, tí ó ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tí ó ń bi àlejò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń lọ, tí ó sì ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní 3 March 1851, nígbà tí ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta, ẹnu-bodè Arò jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ìjà ti gbóná. Kò yani lẹ́nu. Ọ̀tá kì í wá ibi tí odi ti ga. Ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Púpọ̀ nínú àwọn odi wọ̀nyí ti di ilẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbodè kò tán. Ó ti kúrò ní ẹnu odi, ó ti wọ inú yàrá. Àpótí kékeré kan wà tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì, tí ọ̀pá bíi mélòó kan sábà máa ń nà sókè lórí rẹ̀ bí ìwo ewúrẹ́. Ráútà ni a ń pè é. Òun ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé, òun náà ni ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ń gbà jáde. Ète àròkọ yìí ni láti sọ bí irú oníbodè yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ní Ọjọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, àṣìṣe tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti ṣe, àti ohun tí ìtàn náà kọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ sí ilé rẹ̀ láìṣí ilé náà sílẹ̀ fún olè.

Ìlú mẹ́ta ní ojú ọ̀nà kan

Ìlú Àwórì ni Ọjọ́ àti Ìbà. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ògúnfúnminíre tí ó tẹ̀ lé àwo lójú omi títí àwo náà fi rì, tí a sì ń sọ pé láti inú gbólóhùn náà ni orúkọ Àwórì ti jáde. Yálà a gba ìtàn náà bí ó ti wà, tàbí a kà á sí àlọ́ àwọn àgbà, ohun kan dájú nínú rẹ̀: omi ni ọ̀nà àwọn Àwórì. Ọ̀sà àti àwọn omi tí ó so Badagry mọ́ Èkó ni ọkọ̀ ń tọ̀ kọjá, òun ni ìròyìn sì ń bá rìn.

Ní àwọn ọdún 1970 ni ọ̀nà ńlá Èkó sí Badagry yí ojú ìrìn-àjò padà kúrò lórí omi. Ní 1977 a ṣí Ọgbà Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé sí ojú ọ̀nà náà. Ọjà Alaba, níbi tí a ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo ohun èèlò iná, fìdí kalẹ̀ ní Ọjọ́. Ìjọba Lateef Jakande, tí ó wà lórí oyè láti 1979 dé 1983, kọ́ ilé púpọ̀ sí Ìbà fún àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé ní àárín Èkó. Ní 1983 kan náà ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ọjọ́ sì ni ọgbà rẹ̀ tí ó tóbi jù wà. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ti kún ibẹ̀. Ní Òkòkòmáíkò, ó wọ́pọ̀ kí ilé kan ní yàrá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó kọjú sí ara wọn, kí olúkúlùkù yàrá sì jẹ́ ìdílé kan. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà dé orí rẹ̀: ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ayálégbé kan àti èkejì, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ògiri.

Láti orí wáyà dé inú afẹ́fẹ́

Wáyà ni ó kọ́kọ́ dé. Ní 1886 ni okùn abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ ìlú òyìnbó, tí ènìyàn fi lè tẹ wáyà lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Ní December 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò Rediffusion ní Èkó. Wọ́n fa wáyà láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí ilé àwọn tí ó ń san owó, wọ́n sì fi àpótí kan sí ilé wọn tí ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fi sórí wáyà ni onílé yóò gbọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ BBC wá. Àwọn bàbá wa wo rédíò, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì.

Orúkọ yìí yẹ kí a tún yẹ̀ wò. Ilé tí asọ̀rọ̀mágbèsì wà kò nílò oníbodè ní ti ọ̀rọ̀, nítorí pé ohunkóhun kì í ti inú ilé gba ojú rẹ̀ jáde. Kò mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, kò mọ iye owó rẹ̀, kò sì lè gbé ìwé rẹ̀ lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń gba èsì. Bí ó ti ń kówọlé ni ó ń kójáde. Ìdí nìyí tí ìṣọ́ fi di ọ̀ranyàn.

Àwa ará ojú ọ̀nà Badagry kò tilẹ̀ bá wáyà pẹ́ kí ó tó di pé afẹ́fẹ́ gba ipò rẹ̀. NITEL, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ni tẹlifóònù orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n títí di 2001, iye okùn tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ní August 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ fóònù alágbèéká, Glo sì tẹ̀ lé wọn ní 2003. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì yóò lọ sí káfẹ̀, yóò sanwó fún wákàtí, òmíràn yóò sì fi òru lò ó nítorí pé owó òru dínkù.

Lẹ́yìn náà ni àwọn okùn abẹ́ òkun titun gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó: SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, Glo-1 àti MainOne ní 2010, WACS ní 2012, Equiano sì dé ní 2022. Ní 14 March 2024, nígbà tí mẹ́rin nínú àwọn okùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí WACS, MainOne àti SAT-3 sì wà nínú wọn, báńkì àti ọ́fíìsì káàkiri Nàìjíríà mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa kò tíì rí orí okùn kankan nínú yàrá wọn. Láti òpó tí ó ga lójú pópó ni ọ̀rọ̀ ti ń fò wá sínú síìmù, síìmù wà nínú ráútà tàbí nínú MiFi, ráútà sì ń pín in fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Afẹ́fẹ́ ni láti òde wọlé. Afẹ́fẹ́ náà ni láti yàrá dé yàrá.

Níbo ni Wi-Fi ti wá?

Ìmọ̀ fífi afẹ́fẹ́ so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní baba ńlá kan ní erékùṣù Hawaii. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ fi rédíò so kọ̀ǹpútà erékùṣù kan mọ́ òmíràn nínú ètò tí a ń pè ní ALOHAnet. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda apá kan nínú ìgbì rédíò fún ẹnikẹ́ni láti lò láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe òfin 802.11 tí gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ lé, ní 1999 sì ni orúkọ Wi-Fi jáde. Ìgbì tí ènìyàn gbogbo ń lò láìtọrọ àṣẹ dà bí odò tí kò ní olówó: gbogbo ọkọ̀ ni ó lè tọ̀ ọ́, gbogbo etí ni ó sì lè gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń gbé. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ẹni tí ó gbọ́ ọ kò fi ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àrokò ni àwọn baba wa ń lò. Ní Badagry, tí ó wà ní òpin ọ̀nà wa yìí, ni Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, gúnlẹ̀ sí ní 1845. Ní 1885, àròkọ kan jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní orúkọ Gollmer lórí àrokò àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Ẹni tí ó bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìrẹ́pọ̀. Ẹni tí a fi rán lè má mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbára àrokò mọ ní ìwọ̀n bí àwọn tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ti kéré tó. Ọjọ́ tí gbogbo ọjà bá mọ̀ ọ́n, ó di ọ̀rọ̀ gbangba.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àrokò àkọ́kọ́ ti Wi-Fi nìyẹn. WEP ni orúkọ rẹ̀, ó sì bá òfin 1997 jáde. Ní 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Fluhrer, Mantin àti Shamir, fi hàn pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ tó lójú afẹ́fẹ́ lè ṣírò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde. A fi WPA dí àlàfo náà ní 2003, WPA2 sì rọ́pò rẹ̀ ní 2004. Ní October 2017, Mathy Vanhoef, onímọ̀ ará Belgium, tún fi àléébù kan hàn nínú WPA2 tí a ń pè ní KRACK. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ní láti tún ètò inú ẹ̀rọ wọn ṣe. Ní 2018 ni WPA3 dé. Kò sí odi tí a mọ tí a kò ní padà wá tún mọ. Ẹni tí ó bá ra ráútà tí kò sì jẹ́ kí a tún ètò inú rẹ̀ ṣe mọ́, odi àtijọ́ ni ó ń gbé nínú rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nínú ìtàn ráútà, àwọn tí ó mọ ògiri gan-an ni ó máa ń fi ẹnu sílẹ̀, nítorí àtimú nǹkan rọrùn fún oníbàárà. Wọ́n ṣe ètò WPS kí ènìyàn má baà tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn: nọ́ńbà mẹ́jọ péré ni yóò tẹ̀. Ní December 2011, Stefan Viehböck ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà ń yẹ nọ́ńbà náà wò ní ìdajì méjì, àti pé èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ èyí tí a lè ṣírò láti ara àwọn yòókù. Nípa bẹ́ẹ̀, dípò kí olè dán ọ̀kẹ́ àìmọye nọ́ńbà wò, 11,000 ni ó pọ̀ jù tí yóò dán wò. Kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí ní ìwọ̀n wákàtí díẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ bá ti ilé-iṣẹ́ wá. Ní 2016, àwọn ọ̀daràn tú ètò burúkú kan tí a ń pè ní Mirai sínú ayé. Kò ní ọgbọ́n púpọ̀. Ó mọ nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi sínú ráútà àti kámẹ́rà, ó sì ń kan ìlẹ̀kùn kiri ayé, ó ń dán wọn wò. Ibi tí onílé kò bá ti yí i padà, ó wọlé, ó sì sọ ẹ̀rọ náà di ọmọ-ogun rẹ̀. Ní November ọdún náà, irú rẹ̀ kan da ráútà nǹkan bí 900,000 oníbàárà Deutsche Telekom rú ní Jámánì. Ní oṣù kan náà, wọ́n fi ogun ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu Lonestar, ilé-iṣẹ́ fóònù ní Liberia, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́nù rán ọkùnrin tí ó ṣe é lọ sí ẹ̀wọ̀n ní January 2019. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ tí a fi jagun náà kò mọ̀ pé àwọn ni ó yá ọ̀tá ní idà.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni olè yóò rí kó nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkòkòmáíkò?” Àkọ́kọ́ ni dátà tí ó fi owó ọ̀wọ́n rà: ẹni tí ó ra ti oṣù kan lè rí i pé ó tán ní ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sì mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Èkejì ni owó báńkì, ìwé ìwádìí àti àwòrán ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni orúkọ rere, òun ni ó sì wúwo jù. Láti December 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so síìmù gbogbo mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tí ó ni ín. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi àkọsílẹ̀ lílọ bíbọ̀ dátà àwọn oníbàárà wọn pamọ́ fún ọdún 2. Bí àjèjì kan bá gba ẹnu-bodè rẹ wọlé, tí ó sì lu jìbìtì láti ibẹ̀, ẹnu-bodè rẹ ni àkọsílẹ̀ yóò tọ́ka sí. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a óò kàn ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti àṣà. A kò tọ́ wa láti fi omi tàbí iná du aládùúgbò. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ẹni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kò fún ẹlòmíràn yóò di ahun. Mi ò rò pé ó yẹ kí a sọ àṣà yìí nù. Oníbodè àtijọ́ kò lé àlejò. Ó mọ̀ ọ́n ni, ó sì mọ ibi tí ó dé sí. Ọ̀pọ̀ ráútà ní ọ̀nà àlejò tí ó dá dúró, tí ó ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ yóò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, kò sì ní dé ibi tí kọ̀ǹpútà onílé wà. Ṣùgbọ́n kí onílé rántí pé orúkọ tirẹ̀ ni ọ̀nà àlejò náà ń jẹ́ ní òde. Ẹni tí ó mọ̀, tí ó sì lè bi léèrè, nìkan ni kí ó fún.

Bí a ti í gbé oníbodè kalẹ̀

Àárín ilé ni kí a gbé ráútà sí, ní ibi gíga, kí ó jìnnà sí irin àti fíríìjì. Bí ó bá jẹ́ olósíìmù, tí òpó kò sì mú dáadáa, kí a sún un sí ẹ̀bá fèrèsé. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n 5 GHz yá ju ú lọ nínú yàrá kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wọ inú rẹ̀ láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, a óò sì rí i lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ aṣínà méjì ni ó wà, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan ni ti ẹni tí ó fẹ́ lo Wi-Fi. Èkejì ni ti ẹni tí ó fẹ́ yí ètò ráútà padà. Ti àkọ́kọ́ dà bí kọ́kọ́rọ́ ilé, ti èkejì dà bí àṣẹ lórí oníbodè fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kí a yí padà lọ́jọ́ tí a bá gbé e dé, kí wọ́n má sì jọ ara wọn. Nínú WPA2, ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi lè gùn láti àmì 8 dé 63. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan lágbára ju nọ́ńbà fóònù tàbí ọjọ́ ìbí lọ. Kí a má lo òwe tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè parí rẹ̀.

Kí a yan WPA3, tàbí WPA2 bí ẹ̀rọ kò bá ní WPA3. Kí a pa WPS. Kí a pa àyè tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn darí ráútà láti òde. Kí orúkọ tí a fún Wi-Fi má sọ orúkọ ìdílé tàbí nọ́ńbà yàrá wa. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé-iṣẹ́ ti ṣe àtúnṣe sí ètò inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra èyí tí a ti lò rí, kí ó kọ́kọ́ tẹ ihò kékeré ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan títí yóò fi gbàgbé olówó rẹ̀ àtijọ́, kí ó tó tò ó ní àtòtún. Bí ayálégbé kan bá sì kó lọ, kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, gẹ́gẹ́ bí a ti í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kó jáde.

Gbogbo èyí kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé wa lè fi kọ́ ọmọ kíláàsì kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní èdè Yorùbá, kí ọmọ náà sì délé kí ó ṣe é fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà ní iṣẹ́ láti ṣe: ọ̀rọ̀ bodè, odi, àrokò, aṣínà àti àlejò ti wà nílẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wa, wọ́n sì tó láti fi ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ju èdè wa lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìlú tí ó ní ẹgbẹ̀rún ilé ti di ìlú tí ó ní ẹgbẹ̀rún ẹnu-bodè, kò sì sí ọba tàbí ìjọba tí yóò fi oníbodè jẹ sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é.